Àtòrì: Igi Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gé

Ewé àkọ́kọ́ tí mo dá mọ̀ nínú igbó kì í ṣe ewé ẹ̀fọ́, kì í ṣe ewé iṣu, àní kì í ṣe ewúro tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Àtòrì ni. Mo dá a mọ̀ nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń rán lọ gé e. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tíṣà wa a yọ ọ̀bẹ láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, a nawọ́ rẹ̀ sí mi, a ní, "Lọ bá wa gé méjì wá. Má gé gbígbẹ o." Èmi náà a sáré bọ́ sẹ́yìn ilé ìwé, sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí odò kékeré kan gbà kọjá, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ọba.

Iyì ni lójú wa nígbà náà. Ẹni tó ń gé àtòrì ni tíṣà fọkàn tán, ẹni tí tíṣà bá sì fọkàn tán, ẹgba kì í sábà yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Èyí tó bá tín-ín-rín jù, ṣe ló máa ń ta bí abẹ. Èyí tó bá ki jù kò ní tẹ̀, eegun ni yóò máa bá wí. Èyí tí ọwọ́ tíṣà ń wá ni èyí tó ki tó ìka ìtọ́ka, tó gùn tó apá àgbàlagbà, tí o lè fi orí rẹ̀ kan ìdí rẹ̀ kó má ṣẹ́. N óò já ewé ara rẹ̀ dànù, n óò fì í lẹ́ẹ̀mejì nínú afẹ́fẹ́, n óò sì tẹ́tí. Bó bá dún "fìì", ó ti tó. Bó bá dún "fùù", ó ṣì ki jù nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, etí mi sì ti mọ ohùn ẹgba bí etí onílù ti mọ ohùn ìyáàlù.

Ohun kan wà tí n kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo bá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn tí wọn óò nà lọ́jọ́ náà, mo máa ń fi ẹnu ọ̀bẹ ha igi náà díẹ̀ nítòsí ìdí, kó lè ṣẹ́ ní ẹgba kejì. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, tíṣà wo ojú ibi tó ti ṣẹ́, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí n lọ gé mẹ́rin mìíràn wá. Àwọn tí kò ní ọ̀rẹ́ tó ń gé àtòrì ní ọgbọ́n tiwọn. Àwọn kan a fa irun ìpéǹpéjú wọn tu, wọn a fi í sáàárín irun orí kí tíṣà lè gbàgbé. Àwọn kan a ta koríko ní kókó lójú ọ̀nà. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún wa pé bí a bá fi àlùbọ́sà pa àtẹ́lẹwọ́, igi náà á fọ́ wẹ́wẹ́ bó bá ti kàn án. Kò sí igi kankan tó fọ́. Kíláàsì kàn ń rùn bí ilé ìdáná láti àárọ̀ títí di ìgbà tí aago lù ni.

"Ó jẹ àtòrì mẹ́fà." Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé, tí wọ́n sì bá a wí, a kì í sọ pé tíṣà nà án. Ó jẹ àtòrì ni, bí ẹni pé oúnjẹ ló jẹ, bí ẹni pé igi náà ló dìde fúnra rẹ̀ létí odò, tó wọ kíláàsì, tó ṣe ohun tó wá ṣe, tó sì padà síbi tó ti wá. Orúkọ tíṣà kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi àti iye rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí lọ yí bọ̀ nínú mi.

Kì í kúkú ṣe pé èdè wa ṣàìní orúkọ fún ohun tí a fi ń na ọmọ. Ẹgba wà, òun ni a sì fi ń kà á: ẹgba kan, ẹgba méjì. Pàṣán wà, ọ̀rọ̀ inú ilé ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ abẹ́ àjà. Gbogbo wa la mọ̀ pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bílálà wà, tí àwọn Hausa ń pè ní bulala. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú àlùfáà nílé kéwú pẹ̀lú wàláà lórí itan mọ ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Kóbókò wà, awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹran ara kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ìṣán náà wà, èyí tí ọmọ eégún ń gé lára àtòrì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àtòrì nìkan ló ní gbòǹgbò. Àwọn yòókù, ohun tí èèyàn ṣe ni wọ́n. Àtòrì ń hù jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ igi ńlá, kò mọ ẹni tó pẹ́ dé, kò mọ ẹni tó pariwo nínú kíláàsì. Glyphaea brevis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Igi kékeré ni, ó fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ẹ̀ka rẹ̀ a sì máa tẹ̀ láìṣẹ́. Títẹ̀ láìṣẹ́ yìí ló kó o sí wàhálà.

Mo ti rò nígbà kan pé àwa nìkan la sọ ìyà ọmọ ilé ìwé lórúkọ igi. N kò mọ̀ pé àwọn ará Róòmù ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Ewéko kan wà létí òkun wọn lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní ferula. Ó ga ju èèyàn lọ, ọ̀pá rẹ̀ nà tààrà, inú rẹ̀ sì fúyẹ́, ó ní fùkẹ̀fùkẹ̀ tí iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ojú má rí i níta. Àwọn Gíríìkì ní inú ọ̀pá yìí ni Prometheus fi iná pamọ́ sí nígbà tó jí i lọ́dọ̀ àwọn òrìṣà tó sì gbé e wá fún ọmọ èèyàn. Ọ̀pá kan náà ni àwọn olùsìn Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, máa ń gbé lọ́wọ́ jó. Ìgbà tó yá, tíṣà Róòmù gé e, ó fi ń na ọmọ lọ́wọ́, orúkọ ewéko sì di orúkọ ẹgba. Títí di òní, àwọn Faransé ń pe ọ̀pá tíṣà ní férule, bí ẹnì kan bá sì wà lábẹ́ àṣẹ ẹni líle, wọn a ní abẹ́ férule onítọ̀hún ló wà.

Juvenal, akéwì Róòmù, fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn pé òun náà lọ sílé ìwé. Kò dárúkọ ilé ìwé, kò dárúkọ olùkọ́. Ohun tó sọ ni pé òun náà ti fa ọwọ́ òun sẹ́yìn fún ferula rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí.

Òmíràn tún wà tó jọ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́ ní Scotland àti Ireland, níbi tí èdè Látìn ti jẹ́ èdè ilé ìwé, "pande" ni ọ̀rọ̀ tí tíṣà fi ń sọ fún ọmọ pé kó na ọwọ́. Àwọn ọmọ wá sọ ọ́ di "pandy", ìyẹn ẹgba tí a bá jẹ ní àtẹ́lẹwọ́. Àṣẹ di orúkọ ìyà. Àwa náà kò jìnnà síbẹ̀. "Na ọwọ́ rẹ!" Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. À ń na ọwọ́, à ń na ẹsẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ wá, à ń na ọmọ. Etí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè ya nínà yẹn sí méjì. Kí tíṣà tó nà ọ́, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ nà. Ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fún un. Bí o bá sì fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọn óò tún kà á láti oókan.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Àmù omi kan wà ní igun kíláàsì wa, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, wọ́n dé e ní páànù, wọ́n sì gbé kọ́ọ̀bù lé e. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àkókò ìsinmi, a wọlé, a bá a tó ti fọ́ yángá, omi ti dé abẹ́ bẹ́ǹṣì iwájú. Èmi ni wọ́n rí gbẹ̀yìn níbẹ̀, nítorí pé mo lọ dá ọ̀bẹ padà sínú dúrọ́ọ̀. Àtòrì tútù méjì tí mo gé láàárọ̀ wà lórí tábìlì. Tíṣà bi mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní èmi kọ́. Ó ní, "Na ọwọ́ rẹ." Ní ẹgba kẹta, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì tún kà á láti oókan. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe ìrora náà. Mo rántí pé ó dún "fìì". Mo rántí pé ọkàn mi sọ fún mi, àní nígbà tí omi ń bọ́ lójú mi, pé mo gé èyí dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a bá ewúrẹ́ agboolé kejì tó ti ti orí bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi rọ́pò àmù. Gbogbo kíláàsì pariwo. Mo wo ojú tíṣà. Òun náà wo tèmi, ó sì ní, "Ó dáa, fi èyí tí o ti jẹ de ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀la." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi yẹn ló ń dùn mí jù.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo rò pé mo ní ẹgba mẹ́sàn-án nípamọ́, bí ẹni tó ní owó lọ́dọ̀ alájọ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Sà, ẹ yọ ọ́ nínú mẹ́sàn-án." Wọ́n nà mí nítorí pé mo pẹ́ dé, wọ́n tún nà mí nítorí àfojúdi.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sọ ìtàn ọdún Ògìyán fún mi. Mo ti ń gbọ́ pé wọ́n máa ń fi àtòrì na ara wọn níbẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ní babaláwo kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ògìyán, òrìṣà tó fẹ́ràn iyán débi pé iyán wọ inú orúkọ rẹ̀. Babaláwo yìí rin ìrìn àjò, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ọba, ìlú ti di ńlá. Òun kò mọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fi orúkọ tí wọ́n jọ fi ń ṣeré béèrè rẹ̀, pé ajẹ-iyán ọ̀rẹ́ òun dà? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó rí ọba fín. Wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Òjò kò rọ̀ fún ọdún méje. Ìgbà tí ìyà náà pọ̀, wọ́n dá Ifá, àṣírí tú, ọba sì lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Babaláwo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo eléyìí. Kò ní kí wọ́n na àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ní lọ́dọọdún kí gbogbo ìlú wọ igbó, kí wọ́n gé àtòrì, kí wọ́n sì na ara wọn. Títí di ìgbà tiwa yìí, apá méjì ìlú, Òkè Mápó àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀, ń ko ara wọn lójú lọ́jọ́ ọdún náà. Kò sí ẹni tó mú àtòrì tí òun náà kì í jẹ ẹ́. Ẹni tó nà á, wọn óò nà án.

Mo dákẹ́ lórí ìjókòó mi. Ìlú kan na ẹni tí kò ṣẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àwọn ṣì í nà, wọ́n sì gbà láti máa jẹ nínú ìyà náà títí ayé. Tíṣà mi ní kí n fi tèmi de ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ náà tún rìn jìnnà sí i. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n ń ṣe ọdún Òṣàgìyán, Ògìyán kan náà yẹn, wọ́n ń pín iyán, wọ́n sì ń fi àtòrì kan ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà, àtòrì ni wọ́n ṣì ń pè é. Ìbùkún ni lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá kàn ti gba oore. Ẹ rántí àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí débẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni, àwọn tí bílálà oko ìrèké ti bọ́ awọ ẹ̀yìn wọn. Wọ́n mọ oríṣi ẹgba méjì, wọn kò sì jẹ́ kí orúkọ ọ̀kan ran ìkejì.

Àwa tí a wà nílé la jẹ́ kó ran an. N kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pète rẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, Bíbélì Yorùbá kò tíì sí. Odindi rẹ̀ kò jáde títí di 1884. Nígbà tó sì jáde, níbi tí ìwé Òwe ti ń sọ nípa ẹni tó fa ọ̀pá sẹ́yìn lára ọmọ rẹ̀, pàṣán ni wọ́n lò. Èrò tèmi ni pé àtòrì kò lè wọ ibẹ̀, ó ń rùn eégún, ó ń rùn òrìṣà. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ń wá ohun tí yóò fi na ọmọ láàárọ̀ kò rí pàṣán kankan lára igi. Igbó kan náà tí ọmọ eégún ń wọ̀ lòun náà wọ̀. Ìwé ní pàṣán, ọwọ́ gé àtòrì. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí kíláàsì kún, tí tíṣà kan ń dojú kọ ọmọ rẹpẹtẹ, àtòrì ti di ohun èlò bíi ṣọ́ọ̀kì.

Lọ́jọ́ eégún, o lè sá. O lè mú tìrẹ dání. Bí o kò bá fẹ́, o lè jókòó sílé ìyá rẹ kí o máa yọjú láti ojú fèrèsé. Ní kíláàsì, wọ́n mú igi náà wọlé láìmú òfin rẹ̀ wọlé. Wọ́n mú òun nìkan.

Àwọn kan yóò ní àtòrì ló sọ wa dèèyàn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, n kò bá wọn jà. Abala 295 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ṣì fi àyè sílẹ̀ pé kí òbí fa ìbáwí ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tẹ́ni jẹ ọmọdé. Àwọn méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Tíṣà ìsinsìnyí kì í kúkú lọ sígbó mọ́. Mo ti rí ẹni tó ń lo wáyà iná, mo ti rí ẹni tó ń lo páìpù omi, ohun tí kò hù níbì kankan tí kò sì ní ìtàn kankan.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ sínú ìsìnkú kan nílé. Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, mo yọ́ jáde, mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé wa sọ̀ kalẹ̀. Odò náà ti dín kù, àtòrì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gé e mọ́. Ó ti ga kọjá orí mi, ó sì ti tanná, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, kòkòrò ń kùn lórí rẹ̀. Mo dúró, ẹnu yà mí. N kò mọ̀ pé àtòrì ń tanná. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gé e, a kò jẹ́ kí ẹyọ kan dàgbà dé ibẹ̀ rí.

Mo já ẹ̀ka kan tí kò ní òdòdó. Mo já ewé ara rẹ̀ dànù, mo fì í lẹ́ẹ̀kan. Ó dún "fìì". Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ọwọ́ òsì mi ti lọ sẹ́yìn, ó ti di ìkúùkù.